Wọ́n lè jẹ́ kí vape bá yín wọ bàálù kí wọ́n má jẹ́ kó bá yín wọ̀lú

Ẹnìkan kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ rin ìrìn àjò kan tí mo ti ń fojú sọ́nà fún tipẹ́. Singapore ni bàálù àkọ́kọ́ máa já mi sí, màá lo wákàtí mẹ́fà ní pápákọ̀ wọn kí n tó wọ òmíràn lọ sí Bangkok. Ọjọ́ mẹ́wàá ni màá lò níbẹ̀, lẹ́yìn náà màá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Sydney, ọ̀nà kan náà ni màá sì gbà padà. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti jáwọ́ nínú sìgá, vape, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń sọ oje di ìkùukùu tí èèyàn ń fà, ló sì gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ni mo ní, pẹ̀lú bátìrì mẹ́rin tí mo fi ń pààrọ̀, àti ìgò oje mẹ́rin tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 60 ml. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ki gbogbo ẹ̀ bọ àárín aṣọ nínú àpótí ńlá, pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sẹ́ni tó bi òun ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn ní tí oje mi ò bá ti ní nikotíìnì, kò sófin tó kàn mí. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè yọ́ fà á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù, torí kì í kúkú ṣe èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bí ọ̀nà tí ẹ máa gbà bá rí bí ẹ ṣe là á sílẹ̀ yìí, ilé ni kí ẹ fi àwọn ẹ̀rọ náà sí. Mo mọ̀ pé ìdáhùn tí ẹ ń retí kọ́ nìyí. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó fi vape jáwọ́ nínú sìgá kì í fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí òun má lọ tún padà sídìí sìgá. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín, màá sì padà dé orí rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, torí nǹkan méjì tí kò jọra ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù ní pápákọ̀ òfuurufú, kí wọ́n tó gbé mi lọ síbi tí mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun nípa ẹrù eléwu. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, agbára káká la fi ń rí vape kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kúrò, a lè fa mẹ́wàá jáde kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo àwọn tó ni wọ́n sì máa ń sọ: "Ṣebí wọ́n jẹ́ kí n gbé e kọjá níbi tí mo ti ń bọ̀." Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹni tó ń yẹ ẹrù yín wò kí ẹ tó wọ bàálù, ohun tó lè pa bàálù lára ló ń wá. Kò kàn án bóyá ìlú tí ẹ ń lọ fẹ́ nǹkan náà tàbí wọn ò fẹ́ ẹ. Aṣọ́bodè tó dúró dè yín lódìkejì, ní tirẹ̀, kò bìkítà bóyá nǹkan náà lè gbiná lójú ọ̀run. Òfin ilẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ẹ lè tẹ̀rín-tẹ̀rín kọjá lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ kí ẹ sì sun àgọ́ ọlọ́pàá lọ́dọ̀ ẹnì kejì, láìjẹ́ pé èyíkéyìí nínú wọn ṣiṣẹ́ rẹ̀ kù. Kódà kó jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù pápákọ̀ tí ẹ ti gbéra lẹ ti rà á, rìsíìtì tí wọ́n bá fún yín kò já mọ́ nǹkan kan lójú aṣọ́bodè ibi tí ẹ ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ti bàálù ná, torí òun ni ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín fi ṣeré jù. Àpótí ńlá tí ẹ ń fà lé wọn lọ́wọ́ gan-an ni ibi tí vape kò gbọ́dọ̀ sí. Láti ọdún 2015 ni ICAO, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ìrìnnà òfuurufú, ti fòfin dè é nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Ara yín tàbí báàgì ọwọ́ yín ló gbọ́dọ̀ wà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣájà sí i nínú bàálù. Bátìrì lithium ló fa gbogbo ẹ̀, kì í ṣe oje, kì í ṣe nikotíìnì. Agbára púpọ̀ ni bátìrì yìí ń kó sínú ààyè tí kò tó nǹkan. Bí nǹkan bá gún un, tàbí tó ní àbùkù láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, tàbí tí irin bá so orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó máa gbóná; ooru yẹn á tún máa bí ooru mìíràn nínú rẹ̀ títí tí yóò fi bẹ́. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ohun tó ń bọ́ iná náà wà. Gáàsì halon tí wọ́n máa ń tú síbi ẹrù lábẹ́ bàálù lè pa iná tó ń jó lára aṣọ, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì dúró. Lókè lọ́dọ̀ yín, ẹnìkan á tètè rí èéfín, òṣìṣẹ́ á sáré dé, wọn á máa da omi lé e títí yóò fi tutù. Torí pé ojú èèyàn wà lókè, tí kò sí nísàlẹ̀, ni wọ́n ṣe ní kí ẹ gbé e sọ́dọ̀.

Vape tún wá burú ju fóònù lọ ní ọ̀nà kan: iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó gbóná. Mo rántí àpótí kan tó ń rùn bíi ṣúgà tó jóná. Nígbà tí a ṣí i, a rí i pé gìgísẹ̀ bàtà kan ló tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, irú ẹ̀rọ ọ̀pọ̀kúyọ̀kú tí kì í dá pa ara rẹ̀. Ó ti jó ihò sí ṣòkòtò méjì. Ẹni tó ni ín ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú bàálù, kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ yín bá ní wọn ò bi òun ní nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbà á gbọ́, kò sì yà mí lẹ́nu. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. (Mi ò pè é lólè o.) Aṣọ tó fi bò ó kọ́ ló gbà á sílẹ̀, torí lójú ẹ̀rọ wa, aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, bátìrì ló máa ń hàn ketekete bí eegun nínú ẹran. Ó kàn bọ́ sásìkò tí wọn ò dá àpótí tirẹ̀ dúró ni. Tí wọ́n bá dá tiyín dúró, wọ́n lè ṣí i lẹ́yìn yín kí wọ́n yọ ọ́ sọnù, tàbí kí bàálù gbéra kí àpótí ṣẹ́kù, kí ẹ dé Bangkok pẹ̀lú aṣọ ọrùn yín nìkan.

Ohun kan wà tí àwọn tó mọ òfin yìí dáadáa pàápàá máa ń gbàgbé. Tí ààyè ẹrù tó wà lókè orí bá kún, òṣìṣẹ́ lè gba báàgì ọwọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà bàálù kí wọ́n lọ jù ú sábẹ́ ọkọ̀. Lójú ẹsẹ̀ yẹn ni báàgì ọwọ́ di ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Ẹ yọ vape àti bátìrì jáde kí ẹ tó fi báàgì sílẹ̀, bó ti wù kí wọ́n máa kán yín lójú tó. Ní Gúúsù Kòríà, láti oṣù kẹta ọdún 2025, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kí power bank àti vape wà nínú àpótí òkè orí mọ́. Wọ́n fẹ́ kó wà lára yín tàbí nítòsí ìjókòó yín. Bàálù kan tó jóná ní pápákọ̀ wọn ní ìparí oṣù kìíní ọdún yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé òfin náà dìde.

Bátìrì mẹ́rin tí ẹ fi ń pààrọ̀ yẹn ló ń kọ mí lóminú ju ẹ̀rọ lọ, torí bátìrì tó wà nínú ẹ̀rọ ṣì ní ilé, èyí tó wà ní ìhòòhò kò ní. Ẹni tó bá jù ú sápò pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àti owó onírin ti fọwọ́ ara rẹ̀ so orí pọ̀ mọ́ ìdí. Inú kéèsì oníke ni ó yẹ kí wọ́n wà, kí ọ̀kan má fara kan èkejì. Bí ẹ ò bá ní kéèsì, ẹ fi téèpù bo orí àti ìdí wọn. Wọn á tún béèrè bí agbára rẹ̀ ṣe tó. 100 Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára tí bátìrì lè kó) ni òǹkà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá láìgba àṣẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ò sì lè débẹ̀. Ẹ fi ampere-hour ara rẹ̀ sọ volt rẹ̀ di púpọ̀: bátìrì tí wọ́n ń pè ní 18650, tó jẹ́ 3000 mAh, ìyẹn 3 Ah, ní 3.6 V, 10.8 Wh péré ni. Kìkì pé ìwé ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Mo ti rí bátìrì tó dára tí wọ́n gbà sílẹ̀ torí pé ìwé ara rẹ̀ ti bó, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́.

Oje kò le tó bẹ́ẹ̀. Òfin 100 ml tí wọ́n gbé jáde ní 2006, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ bàálù, ṣì wà ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń dẹ̀ ẹ́ níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò tuntun. Ìgò 60 ml yín kọjá, tí gbogbo ẹ̀ bá wọ inú ọ̀rá lítà kan tó ń fi inú hàn. Ìgò ni wọ́n ń wò o, kì í ṣe ohun tó kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀; ìgò 120 ml tó ku ìdajì, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ló ń lọ. Níwọ̀n bí kò ti ní bátìrì, oje lè wà nínú àpótí ńlá. Ẹ̀rọ tó ní oje nínú ló ń fa ìyọnu mìíràn, torí afẹ́fẹ́ inú bàálù kì í rí bí ti ilẹ̀. Bàálù ń fò lókè réré, ṣùgbọ́n wọ́n ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ títí yóò fi dà bí ìgbà tí ẹ wà lórí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó há sínú táńkì vape á fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, á sì ti oje jáde gba ibi tí ẹ ń fi ẹnu sí. Ìdí nìyí tí àpò ẹ̀wù èèyàn fi ń rin gbingbin tó bá sọ̀kalẹ̀. Ẹ dà á nù kí ẹ tó gbéra, kí táńkì ṣófo, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà pátápátá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn kó tó kú. Èyí tí wọ́n ń lò sọnù kì í sábà ní bọ́tìnì rárá, bí afẹ́fẹ́ bá ti fà á, iná ti tàn nìyẹn.

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, rárá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá èéfín ni tàbí ìkùukùu. Ohun tó ń ṣọ́ èéfín nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń wo afẹ́fẹ́. Ìkùukùu vape sì ń tú ìmọ́lẹ̀ yẹn ká bí èéfín ṣe ń ṣe. Ó máa dún. Tí ẹ bá fi nǹkan bò ó kó má baà dún, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ tún nìyẹn, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé òfin láti 2016 pé fífa vape nínú bàálù kò yàtọ̀ sí fífa sìgá. Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2018. Bàálù Ṣáínà kan ń ti Hong Kong lọ sí Dalian, igbákejì awakọ̀ sì ń fa vape nínú yàrá ìwakọ̀. Ó fẹ́ pa ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ká inú ọkọ̀ kí ìkùukùu má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn èrò, ló bá pa ohun mìíràn. Afẹ́fẹ́ inú bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ, ìbòmú já bọ́ sójú àwọn èrò, wọ́n sì ní láti já bàálù náà wálẹ̀ láti nǹkan bí 35,000 ẹsẹ̀ bàtà sí 10,000. Wọ́n dé láyọ̀, àmọ́ iṣẹ́ bọ́.

Ó wá ku òfin ìlú, èyí tó jẹ́ ọkàn ọ̀rọ̀ yín. Ká sọ pé ẹ ti di gbogbo ẹ̀ dáadáa, bátìrì wà nínú kéèsì, oje wà nínú ọ̀rá, táńkì ṣófo. Ẹ balẹ̀ sí Singapore. Láti 1 oṣù kejì ọdún 2018 ni níní vape lọ́wọ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe títà nìkan. Ní 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n tún mú un le sí i, torí wọ́n ń rí oògùn kan tó ń jẹ́ etomidate nínú oje àwọn ọ̀dọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ìtanràn àgbàlagbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú di 700 dọ́là Singapore, ọwọ́ sì ń le bó bá ṣe ń tún un ṣe. Àlejò lè pàdánù ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà síbi tó ti wá. Ẹ máa sọ pé ẹ kàn ń pààrọ̀ bàálù ni. Pápákọ̀ Changi wà lórí ilẹ̀ Singapore, òfin wọn kò sì dúró dìgbà tí wọ́n bá tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Òtítọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìlú ló rí bẹ́ẹ̀. Hong Kong náà fòfin de kíkó o wọlé ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2022, ṣùgbọ́n wọ́n yọ èrò tó ń pààrọ̀ bàálù láìkọjá lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú sílẹ̀. Nítorí náà, ìlú tí ẹ kàn ń gbà kọjá pàápàá, ẹ wo òfin rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ lẹ ń lọ.

Táílàǹdì ni ibi tí ojú ti ń tan èèyàn jù. Láti ìparí 2014 ni wọ́n ti fòfin de kíkó vape wọlé, títà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2015. Ẹni tó bá kó o wọlé lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura, nǹkan náà á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, tí ẹ bá dé Bangkok, ẹ máa rí i tí wọ́n tò ó kalẹ̀ lójú pópó, ẹ máa rí ọmọ ìlú tó ń fà á, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lòfin náà. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé òfin wà, wọn kì í sì í mú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ gbogbo. Irú òfin bẹ́ẹ̀ léwu fún àlejò ju èyí tí wọ́n ń mú ṣẹ lójoojúmọ́ lọ, torí ẹ ò lè mọ ọjọ́ tó máa kàn yín, ọlọ́pàá tó bá sì dá yín dúró mọ̀ pé ẹ ní bàálù tí ẹ fẹ́ bá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí owó tí kò ní rìsíìtì. Mi ò lè sọ fún yín pé wọn á mú yín. Mo kàn mọ̀ pé bí wọ́n bá mú yín, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ, torí òfin wà lẹ́yìn wọn.

Wọ́n tún pọ̀ ju méjì lọ o. Íńdíà fòfin dè é ní 2019, ẹni tó bá kó o wọlé lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura fún ìgbà àkọ́kọ́. Taiwan ṣe tirẹ̀ ní 2023, Vietnam bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2025. Bùràsíìlì kò gbà á láti 2009, wọ́n sì tún un sọ ní 2024 pé kódà nínú ẹrù èrò, kò gbọ́dọ̀ wọlé. Mẹ́síkò gbé tirẹ̀ débi pé ó wọ inú ìwé òfin ìpilẹ̀ ilẹ̀ wọn ní 2025.

Ẹni tó sọ fún yín pé oje tí kò ní nikotíìnì kò lófin, ìlú kan ló ń sọ nípa rẹ̀ láìmọ̀. Ní Jàpáànù, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn gan-an: oje tó ní nikotíìnì ni wọ́n kà sí oògùn, èrò lè mú ìwọ̀n oṣù kan tó jẹ́ 120 ml dání fún ara rẹ̀, èyí tí kò ní nikotíìnì kò sì ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ní Singapore, ní Táílàǹdì àti ní Íńdíà, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni òfin dè. Òfin Íńdíà tiẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé ìbáà ní nikotíìnì, ìbáà má ní. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ti oje tí wọ́n fi igbó ṣe, ẹ ò sì béèrè, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dá a: kò sí ohun tó ń jẹ́ "díẹ̀ ni" nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Brittney Griner, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ará Amẹ́ríkà, kò ní tó gíráàmù kan nínú ẹrù rẹ̀ nígbà tí wọ́n mú un ní pápákọ̀ Moscow ní oṣù kejì 2022. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án ni ilé ẹjọ́ dá fún un, ìgbà tí ìjọba méjì pààrọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ní oṣù Kejìlá ló tó padà sílé. Bí vape yín bá ti gbé irú ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ má gbé ẹ̀rọ yẹn kọjá ẹnubodè kankan.

Báwo lẹ ṣe máa wá ṣe é? Bí ìrìn náà bá jẹ́ ti Sydney nìkan, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sì gba ìlú tó fòfin dè é, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ọsirélíà dá kíkó vape wọlé dúró ní 2024, ṣùgbọ́n wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún èrò: ẹ̀rọ méjì, ohun èlò rẹ̀ 20, bíi pod (agolo kékeré tó ń gba oje), àti oje 200 ml, fún ara ẹni. Ẹ̀rọ yín wọlé. Oje yín, tó jẹ́ 240 ml, fi ogójì lé. Ẹ bá lè fi ìgò kan sílẹ̀. Bí ẹ bá lè yí ọ̀nà padà, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sì dùn yín jù, ìyẹn wà níbẹ̀. Àmọ́ Bangkok wà láàárín, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń ní kí èèyàn gbé e dé Singapore kó sì jù ú sínú àpótí ìdàsílẹ̀, tàbí kó sọ fún aṣọ́bodè. Kí ẹ sọ fún wọn sàn ju kí wọ́n bá a lára yín lọ, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ó fi gbé ohun tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa sọ nù la òkun kọjá?

Ti ìbẹ̀rù pé ẹ lè padà sí sìgá ni mo sọ pé màá dé. Èmi kì í ṣe dókítà, ẹrù ni iṣẹ́ mi. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn èrò tó ń rìn púpọ̀, tí èmi náà sì lò nígbà tí mo ń jáwọ́: pátì nikotíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, pẹ̀lú lozenge tí wọ́n ń lá bíi súwíìtì. Pátì ń tú nikotíìnì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò lè fún yín ní ìtẹ́lọ́rùn wàrà-wàrà tí vape ń fúnni, lozenge ló ń dí àlàfo yẹn. Ẹ bá apòògùn sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n tó bá yín mu, ẹ sì dán an wò ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbéra, kó má jẹ́ pé inú bàálù oníwákàtí gbọọrọ lẹ ti kọ́kọ́ mọ̀ pé kò tó yín. Inú páálí rẹ̀ ni kó wà. Ẹ fi ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì sílẹ̀ ní tiyín, torí Singapore tún ní òfin tirẹ̀ lórí ṣingọ́ọ̀mù láti 1992. Bí ọkàn bá sì ń tì yín pé kí ẹ kúkú ra páálí sìgá kan "nítorí ìrìn àjò nìkan", ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ọdún méjì yẹn ná yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ń lọ gan-an, ẹ tún yẹ ojú ewé àwọn aṣọ́bodè Singapore, Táílàǹdì àti Ọsirélíà wò, torí òfin wọ̀nyí ń yí padà lójú mi báyìí, agbẹjọ́rò sì kọ́ ni mí. Tí ẹ bá dé Sydney, láti oṣù Kẹwàá 2024 ni àgbàlagbà ti lè ra vape ní àwọn ilé oògùn kan láìní ìwé dókítà, lẹ́yìn tó bá bá apòògùn sọ̀rọ̀, bí nikotíìnì rẹ̀ kò bá ju 20 mg/ml lọ. Adùn tábà, mint tàbí menthol nìkan ni wọ́n ń tà, ìpínlẹ̀ míràn sì ní òfin tó le ju ìyẹn lọ. Ẹ ò ní láti gbé ti ilé débẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹ ní ọ̀nà kan náà lẹ máa gbà padà. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá rà ní Sydney, Sydney ni kó parí sí: ẹ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gba vape àti bátìrì àlòkù, ẹ má jù ú sínú ìdọ̀tí ilé ẹ̀gbọ́n yín, torí ọkọ̀ ìdọ̀tí náà ń jóná. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ tú báàgì ọwọ́ yín dà sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò rẹ̀, pàápàá èyí tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìpù inú. Ibẹ̀ la ti máa ń rí pod kan ṣoṣo tí ẹni tó ni ín búra fún wa pé òun kò mọ bó ṣe débẹ̀.